Àkàsọ̀ Tí Fọwọ́kàn-án Kò Gùn

Àbúrò ìyá mi ni Fọwọ́kàn-án. Orúkọ àbísọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ní gáréèjì bàálù tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà pàápàá ò pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sáré wá sọ fún un pé òun ti yẹ nǹkan kan wò, pé ó dáa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í: ṣé o fọwọ́ kàn án? Ó ní ojú a máa purọ́, pàápàá ojú ẹni tí ebi ń pa tó sì fẹ́ máa lọ sílé. Irin tó ti fẹ́ẹ̀ kú ṣì lè máa dán gbinrin. Ọwọ́ nìkan ló máa mọ̀ pé ó ti ń mì.

Gíga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Gíga ga lóòótọ́, ó kù díẹ̀ kó kun àjà láìgun nǹkan kan. Ó ní ọjọ́ tí Fọwọ́kàn-án bá kú, wọn ò ní rí i tẹ́ sínú pósí àfi tó bá kọ́kọ́ jáde wá mì í wò. Fọwọ́kàn-án á ní bẹ́ẹ̀ ni, àgàgà tó bá jẹ́ Gíga ló kan ìṣó rẹ̀. Gbogbo gáréèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe, torí iṣẹ́ náà wù mí kọjá àlà. Níbi ìrù bàálù, apá kékeré méjì ló nà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀yìn àwọn apá yẹn ni pátákó irin kan wà tó ń lọ sókè sódò bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá fa ọwọ́ bàálù sẹ́yìn, pátákó á gbéra, ìrù á rẹlẹ̀, imú bàálù á gbójú sókè. Bó bá tì í síwájú, imú á dorí kodò. Ọ̀pá kan ló ń ti pátákó náà, bóòtù kan tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ ló sì so ọ̀pá mọ́ pátákó. Bóòtù kan péré. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lè jókòó pẹ̀sẹ̀, kí wọ́n máa wo òkè láti ojú fèrèsé, kí ẹ̀mí gbogbo wọn sì so rọ̀ mọ́ àtàǹpàkò irin kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á nínú ìwé rẹ̀, ńṣe ni irun ara mi dìde. Ó ṣì ń dìde.

Torí náà ni wọn kì í fi bóòtù yẹn sílẹ̀ fún ẹnì kan. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá ṣe é kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹlòmíì tí kò bá a fọwọ́ sí i rárá gbọ́dọ̀ gun àkàsọ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó di bóòtù náà mú, kó mì í, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bọwọ́ lùwé. Ojú kejì ni wọ́n ń pè é.

Ibi tó ti wọ Fọwọ́kàn-án lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Òun àti Gíga ti jọ wà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣiṣẹ́, á gun àkàsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì tún wá ẹ̀sùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti yọ́ wọ àárín òun àti Gíga, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Gíga á sọ̀ kalẹ̀, á na apá méjèèjì síwájú, gíríìsì á ti gùn dé ìgúnpá. Fọwọ́kàn-án á wo gíríìsì yẹn, á ní ó yá, mú ìwé wá. Gíríìsì ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò nígbà yẹn, kì í ṣe bóòtù. Ìwọ náà rò ó: ẹni tí ẹ ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé wàá tún máa ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá kó o yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni. Bàálù fẹ́ gbéra ní aago mẹ́rin. Gíga ò tíì nu ọwọ́ tán tí wọ́n fi wọ́ àkàsọ̀ lọ sábẹ́ bàálù míì ní òdìkejì gáréèjì. Gíga na apá. Gíríìsì dé ìgúnpá. Fọwọ́kàn-án wo ibi tí àkàsọ̀ wà, ó wo aago, ó bọwọ́ lùwé.

Ọjọ́ kẹsàn-án, bàálù náà kúrò nílẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú méjì, ó já lulẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì. Kò sẹ́ni tó yè. Ìgbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán ni rédíò gbé e. Fọwọ́kàn-án béèrè lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ìrù rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún un, ó sì jókòó sórí àpótí irin iṣẹ́. Gíga dìde, ó jáde, kò padà wá jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láàárín pẹpẹ sítọ̀, Gíga sọ fún un ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ò wọn bóòtù náà. Irin tí wọ́n fi ń wọn bí bóòtù ṣe ti jẹ tó, ó ti bàjẹ́, wọn ò tíì ra òmíì. Òun kàn fi gíríìsì kùn ún, òun sì da iye tó wà nínú ìwé ti tẹ́lẹ̀ kọ. Òun rò pé Fọwọ́kàn-án máa gùn ún lọ́jọ́ yẹn, ó ní, torí pé òun rí i tó wo àkàsọ̀.

Ẹ̀rù tó mú Fọwọ́kàn-án láti ìgbà náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí lára àgbàlagbà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ká ní òun gun òkè, ká ní òun di irin yẹn mú, ó máa mì lọ́wọ́ òun. Kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ìwádìí jàǹbá bàálù dà bí ìṣirò: ẹ ó kó àfọ́kù jọ, ẹ ó gbọ́ ohun tó wà nínú àpótí dúdú (tó jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn ni, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀), ìdáhùn á sì bọ́ síta. Irọ́ ni. Àwọn olówó ti jókòó yí tábìlì ká kí ẹ tó débẹ̀. Àpótí náà sọ pé kápútéènì fa ọwọ́ bàálù sẹ́yìn, bàálù ò dá a lóhùn, ó tún fà á, lójijì imú bàálù fò sókè, apá ò lè gbé e mọ́. Ó sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Kò sọ bóyá bóòtù ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n rí ìdajì bóòtù nínú ẹrẹ̀, ìbéèrè sì di pé ṣé òkè ló ti kán ni àbí ilẹ̀ tó balẹ̀ sí ló kán an. Ta ni wọ́n gbé e fún kó yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn tó ṣe bàálù náà. Ẹ ní kí ológbò wá jẹ́rìí lórí ẹja tó sọnù. Ìdáhùn wọn dé láàárín ọjọ́ márùn-ún: ilẹ̀ ló kán an.

Bẹ́ẹ̀, mínísítà fẹ́ bọwọ́ lùwé àdéhùn bàálù tuntun méjìlá pẹ̀lú àwọn kan náà, wọ́n sì ti dá ọjọ́ sí ọjọ́ Ẹtì kan. Ilé iṣẹ́ tó ni bàálù tó já náà ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé gáréèjì àwọn ò dáa, torí ta ló máa wọ ọkọ̀ wọn mọ́? Àwọn tó ṣe é ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé bóòtù àwọn ń tètè jẹ. Ìjọba ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan ṣáájú ọjọ́ Ẹtì. Àwọn mẹ́ta tí kì í gbọ́ ara wọn yé wá rí ẹnì kan tí gbogbo wọn lè di ẹrù lé lórí láìjà: kápútéènì. Obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó máa ń yà kí àwọn mẹkáníìkì ní gáréèjì kó tó fò. Òkú kì í gba lọ́yà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ìwé ìròyìn ti ń kọ ọ́ pé òun àti ọkọ rẹ̀ jà ní alẹ́ tó ṣáájú jàǹbá náà. Ta ló sọ fún wọn? Ọkọ rẹ̀ ò sí nílé láti oṣù kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Gíga ò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ṣe bàálù náà. Fọwọ́kàn-án pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Ó lọ sílé rẹ̀, ìyàwó Gíga sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó ní kó má bínú, wọ́n ní kí òun má gba àlejò. Ó padà wá ń rìn létí ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà. Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí iwájú ilé Fọwọ́kàn-án láti àárọ̀, èèyàn méjì nínú rẹ̀, wọn kì í sọ̀ kalẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó lọ kan fèrèsé ọkọ̀ náà, ó ní ṣé ẹ̀yin ọ̀gá fẹ́ rán aṣọ ni, torí ó jọ pé ẹ ò ní òmíràn, èyí tẹ́ ẹ wọ̀ lánàá náà lẹ tún wọ̀ wá. Wọ́n yí gíláàsì sókè. Ó padà wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ pe Fọwọ́kàn-án sí ọ́fíìsì òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, lọ́fínńdà rẹ̀ ti kún ibẹ̀ kó o tó rí i. Ìwé ojú kan ló gbé síwájú rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ìwé náà sọ pé èmi lágbájá gun àkàsọ̀ ní ọjọ́ báyìí, mo fọwọ́ ara mi di bóòtù mú, kò mì. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbẹ́jọ́ gbangba, lọ́yà ní, wọ́n kàn fẹ́ kí ohun gbogbo ti wà létòlétò.

“Dádì, ẹ ò ní sọ nǹkan tuntun,” lọ́yà sọ. “Ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìbuwọ́lùwé yín rèé.”

Fọwọ́kàn-án ní kó jẹ́ kí òun lọ mú gíláàsì ojú òun.

“Ẹ mú gíláàsì. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá wá sọ pé ẹ ò gùn ún, kí ni ká pe èyí tẹ́ ẹ ti bọwọ́ lù? Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, Dádì. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò ní kéré. Gíga ò sí níbí. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí wọ́n lè mú.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣàníyàn nípa ìlera. Fọwọ́kàn-án ká ìwé náà sí àpò, ó ní òun á gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára lórí àga yẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó bọwọ́ lù ú. Kò fi bò. Ó ní ẹni tó bá rí ihò tó fẹ́ já sí tó sì tún ń ronú, òun ló pa ara rẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

“Àwọn tó kú ò ní jí dìde torí pé ẹ lọ ṣẹ̀wọ̀n,” ó ní. “Èmi ni mo wà láàyè. Èmi ńkọ́?”

“Mo gbọ́,” ọkọ rẹ̀ dáhùn.

“Ẹ ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn irin yẹn nìkan lẹ máa ń gbọ́.”

Ó wá fà á lọ́wọ́ mọ́ra, ó sunkún sí i láyà. Fọwọ́kàn-án pinnu pé òun á bọwọ́ lùwé náà. Ó pinnu tinútinú. Ó tiẹ̀ wá bíírò.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ku ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ kún fún erùpẹ̀ torí ó rìn wá ni. Òun ni bàbá kápútéènì. Fọwọ́kàn-án kọ́kọ́ fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó wo ọkọ̀ funfun tó wà ní òdìkejì títì. Bàbá náà kí i, ó bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, bí ẹni pé wọ́n ti mọra. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó bá wá.

“Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ yẹ ìrù bàálù náà wò kẹ́yìn, tẹ́ ẹ ní ó dáa.”

“Èmi ni, sà.”

Bàbá náà mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, bíi tíṣà tó ti gba ìdáhùn tó yẹ.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ni. Á jẹ́ pé ọmọ mi ló pa wọ́n.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, ó dúpẹ́. Ó yí padà, ó ń lọ létí ògiri, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú bó ṣe ń rìn. Fọwọ́kàn-án gbé ẹsẹ̀ kan láti tẹ̀ lé e, ó sì dúró.

Mo wà níbi ìgbẹ́jọ́ náà ní Ọjọ́bọ̀. Gbọ̀ngàn ńlá, fáànù mẹ́rin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ò ju ẹyọ kan lọ. Olùwádìí àgbà jókòó láàárín, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó na ẹsẹ̀ kan síwájú torí orúnkún tó ń dùn ún. Lápá ọ̀tún rẹ̀ ni aṣojú mínísítà wà, lápá òsì ni ọkùnrin tí àwọn tó ṣe bàálù rán wá, lọ́yà ilé iṣẹ́ wà níwájú. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún obìnrin yẹn pé kí àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde kó tó di ọ̀la. Ó ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè gígùn. Nígbà tó kan Fọwọ́kàn-án, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè kúkúrú kan.

“Ṣé ẹ gun àkàsọ̀?”

Ìwé lọ́yà wà nínú àpò Fọwọ́kàn-án, mo rí etí ìwé náà tó yọ síta. Lọ́yà ti dìde díẹ̀ lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ láti gbà á. Fọwọ́kàn-án di etí tábìlì mú.

“Mi ò gùn ún, mà,” ó ní.

Ariwo sọ. Lọ́yà ní ara bàbá yìí ò yá, pé ìbànújẹ́ ti kó sí i lórí. Ojú ọkùnrin tí àwọn tó ṣe bàálù rán wá wá là, ó kọ nǹkan sílẹ̀ kíákíá, torí ìdáhùn yẹn dùn mọ́ ọn nínú: bó bá jẹ́ mẹkáníìkì ló jẹ̀bi, bóòtù wọn mọ́. Fọwọ́kàn-án ṣì dúró. Ó ní òun ò tíì parí.

Ó sọ ti gíríìsì. Ó sọ ti irin ìwọ̀n tó bàjẹ́. Ó sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn ti béèrè bóòtù tuntun ní sítọ̀, ó sì yọ ẹ̀dà ìwé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, irú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń kù sọ́wọ́ ẹni tó béèrè, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń sọ nù. Lórí èyí tó kẹ́yìn, sítọ̀ kọ ọ́ pé wọn ò nílò rẹ̀ mọ́, torí pé lẹ́tà ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é pé bóòtù náà lè pẹ́ lára bàálù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdajì ìgbà sí i. Nọ́ńbà lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọ́fíìsì mínísítà lu òǹtẹ̀ sí i wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà dé tí òǹtẹ̀ sì balẹ̀, kò sẹ́ni tó ráyè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkùnrin tó ń kọ nǹkan dáwọ́ dúró. Olùwádìí àgbà na ọwọ́, ó gba àwọn bébà náà, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní àbọ̀ òun ò ní lè jáde lọ́la.

Ẹ má rò pé ayé yí padà. Lọ́jọ́ Ẹtì, mínísítà bọwọ́ lùwé bàálù méjìlá, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Fọwọ́kàn-án, Gíga ò tíì dé. Ìwádìí ṣì ń lọ, wọ́n ti gbé ìyókù bóòtù lọ sí ibòmíì, ìwé ìròyìn ò sì sọ̀rọ̀ ìjà tọkọtaya mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní gbogbo ọjọ́ Ajé tó gbọ́dọ̀ lọ fojú hàn. Bí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ bá dún níta, àwọn méjèèjì á yọjú lójú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo fẹ́ parí sí. Àwọn ọlọ́pàá ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó dúró kí wọ́n wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òógùn ti rẹ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pátápátá. Bàbá kápútéènì jáde láti inú gbọ̀ngàn, ó rí i, ó wá jókòó tì í. Wọn ò wo ara wọn. Mo dúró sí ìtòsí, mi ò lè sún mọ́ wọn.

“Ká ní ẹ gùn ún ńkọ́?” bàbá náà béèrè.

“Ó máa mì lọ́wọ́ mi, sà. Bàálù yẹn ò bá tí gbéra.”

Bàbá náà dìde. Mo rò pé ó fẹ́ gbá a lójú, àbúrò ìyá mi náà rò bẹ́ẹ̀, torí ó di ojú rẹ̀. Bàbá náà dúró, ó ń mí sókè sódò. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ọkùnrin tó dijú náà, ó sì tún rọra jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì. Kò lọ síbì kankan títí tí ọlọ́pàá fi jáde wá pe àbúrò ìyá mi wọlé.